Igbá Oyin Tí Kò Ní Ọmọrí

Ẹ gbé ìbọn yín ti ara igi, kí ẹ wá ibi tó tẹ́jú jókòó sí, nítorí ìtàn tí mo fẹ́ sọ fún yín lọ́sàn-án yìí kì í ṣe èyí tí ènìyàn ń gbọ́ lórí ìdúró. Èmi náà nìyí, Ọdẹ́sànyà ọmọ Ọdẹ́láyọ̀, ẹni tí ẹ ń pè ní Ẹsẹ̀-ò-kanlẹ̀. N kò fọ́nnu o, àmọ́ bí mo bá tilẹ̀ ń fọ́nnu, ta ni nínú yín tó fẹ́ dá mi lẹ́kun? Kò sí ọdẹ kan níbi yìí tó lè bá mi rìn láti ẹnu ibodè dé etí odò kí ó má máa mí hẹlẹhẹlẹ. Mo ti sá tẹ̀ lé ẹtu rí títí ó fi rẹ̀ ẹ́, tó yí ojú padà, tó ń wò mí pé kí n ṣàánú òun. Orí ìdúró ni mo ti máa ń jẹun. Bí mo bá ń wẹ̀, ẹ ó rò pé wọ́n ń lé mi ni. Ẹni tó bá sì kí mi lójú ọ̀nà, ẹ̀yìn mi ni yóò kí parí. Ẹ ń rẹ́rìn-ín! Ọdẹ́lékè, rọra jẹ àgbàdo yẹn kí ó má baà há ọ lọ́fun. Ẹ rín in dáadáa nísinsìnyí, torí bí mo bá dé ibì kan nínú ọ̀rọ̀ yìí, ojú yóò máa tì mí, ẹ̀yin náà kò sì ní mọ ibi tí ẹ ó kọjú sí.

Ọmọ kan ṣoṣo ni Ìbídùn ìyàwó mi bí fún mi, Àwẹ̀ró, ọmọbìnrin. Àìsàn gbé ọmọ náà dè. Ara rẹ̀ gbóná janjan, oúnjẹ kò gba ọ̀fun rẹ̀ kọjá, ohùn rẹ̀ sì lọ sílẹ̀ débi pé ènìyàn ní láti tẹ etí sí i lẹ́nu kí ó tó gbọ́. Àgbo tí a fún un kò ṣiṣẹ́. Nígbà tó yá, Ìyá Abíọ́nà, àgbà obìnrin tó mọ ewé jù ní àdúgbò wa, wá wò ó. Ó mi orí, ó ní kò sí ohun tó lè gba ọmọ náà mọ́ àfi oyin tó wà ní àárín gbùngbùn Igbó Ìdákẹ́, lọ́wọ́ iwin kan tí wọ́n ń pè ní Ìyá Olóyin. Ó ní, "Ọdẹ́sànyà, bí o bá débẹ̀, yóò kí ọ. Bó bá sì ti ń kí ọ báyìí, rí i dájú pé..." Ìyá kò tíì sọ ọ́ débì kankan tí mo fi wọ gbérí mi, tí mo gbé ìbọn kọ́ èjìká, tí mo fò kọjá ẹnu ọ̀nà. Mo gbọ́ tó ń pariwo lẹ́yìn mi pé ọ̀rọ̀ kù. Mo dá a lóhùn pé bí mo bá dé, kí ó sọ ìyókù fún mi. Ẹ̀yin náà ẹ rò ó wò: ṣé kí ọmọ máa kú lọ, kí bàbá rẹ̀ dúró máa gbọ́ àlàyé? Bí mo ṣe rò ó nìyẹn, mo sì rò pé ìfẹ́ ọmọ ni.

N kò ní fi ibi tí mo ti sun iṣu àti ibi tí mo ti mumi dí yín lọ́wọ́. Mo wọ Igbó Ìdákẹ́. Àwọn igi ibẹ̀ ga débi pé ilẹ̀ kò mọ oòrùn rí. Àwọn ẹyẹ ibẹ̀ kì í ké, wọ́n kàn ń yí orí tẹ̀ lé ènìyàn ni bí àwọn àgbà tí ọmọ aláìgbọràn ń kọjá níwájú wọn. Bí mo ṣe ń já ewé lọ ni mo gbọ́ gìdìgìdì lẹ́yìn mi. Mo yí ìbọn padà. Ohun tí mo rí nìyí: ẹ̀dá kan tó ga ju òpó ilé lọ, ẹsẹ̀ rẹ̀ tínínrín, ó sì gùn lọ bẹẹrẹ, ó wọ gbérí ọdẹ tó ti gbó di àkísà, ìbọn èjìká rẹ̀ ti dípẹtà títí ó fi lẹ̀ mọ́ ọn lára. Ó ń sáré. Ó bá mi, kò sì dúró, ṣe ló ń sáré yí mi ká.

Ó ní, "Ọdẹ, ibo lò ń lọ?"

Mo ní, "Ọ̀dọ̀ Ìyá Olóyin ni. Ìwọ ńkọ́?"

"Èmi ti ń lọ tipẹ́."

"Síbo?"

"Ìyẹn ni n kò rántí mọ́. Àmọ́ n kò gbọdọ̀ pẹ́ débẹ̀."

Ẹ jẹ́ kí n sọ òtítọ́, ọ̀rọ̀ rẹ̀ dùn mọ́ mi. Láti ọjọ́ tí mo ti dáyé, n kò rí ẹni tó bá mi lára mu tó bẹ́ẹ̀. Ó ní kí a jọ sá a, mo ní kò burú. Haa! Bí ẹ bá rí wa! A fo kòtò, a fo igi tó wó, a gba àárín ẹ̀gún kọjá, ẹ̀gún kò ráyè gún wa. Mo bá a dọ́gba, mo yà á sílẹ̀, mo tún wẹ̀yìn kí n lè rí bí ojú rẹ̀ yóò ṣe rí nígbà tí ọmọ ènìyàn ti borí rẹ̀. Kò sí ojú níbẹ̀. Atẹ́gùn ìgbà tó ti ń sáré ti gbá imú àti ìpéǹpéjú rẹ̀ lọ, iwájú orí rẹ̀ ń dán bí òkúta inú odò. Ẹnu nìkan ló kù, ẹnu náà sì ń rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ọ̀rẹ́ mi, yá mi ní orúkọ rẹ. Tèmi ti já bọ́ sójú ọ̀nà. Bí o bá yá mi ní tìrẹ, n ó fún ọ ní ẹsẹ̀ mi méjèèjì." Ẹ̀yin ọdẹ ẹgbẹ́ mi, ọmọ mi wà lórí ẹní àìsàn, n kò sì kọ̀ fún ẹ̀dá yìí. Ẹsẹ̀ yẹn ni mò ń wò. Ó wọ̀ mí lójú. Mo ya ẹnu láti dá orúkọ mi, mo ti sọ "Ọdẹ́" jáde, nígbà tí gbòǹgbò igi kan gbá mi lẹ́sẹ̀, tí mo ṣubú lulẹ̀ gbì. Òun kò mọ bí wọ́n ṣe ń dúró, ló bá kọjá lọ, tó ń pariwo pé, "Dìde o! Dìde o!" títí igbó fi gbé ohùn rẹ̀ mì. Gbòǹgbò ló gbà mí lọ́jọ́ náà. Kì í ṣe ọgbọ́n, kì í sì í ṣe ìfẹ́ ọmọ.

Mo dìde, mo gbọn iyẹ̀pẹ̀ ara mi nù, mo tún bẹ̀rẹ̀ sí í sáré. Ẹ má dá mi lóhùn, mo mọ ohun tí ẹ fẹ́ sọ.

Ìyá Olóyin jókòó sí ìdí igi ńlá kan, ó na ẹsẹ̀ síwájú, ó ń bó ẹ̀gúsí sínú àwo. Irun orí rẹ̀ pọ̀, ó sì ga bí ìtí koríko, inú irun náà ni àwọn oyin kọ́ ilé sí. Wọ́n ń wọlé, wọ́n ń jáde, wọ́n ń kùn, afárá oyin so kọ́ etí rẹ̀ méjèèjì bíi yẹtí. Òórùn oyin náà gba gbogbo ibẹ̀ kan. Mo dọ̀bálẹ̀, àyà mi kò tíì kan ilẹ̀ dáadáa tí mo ti dìde.

Mo ní, "Ẹ kú iṣẹ́ o, Ìyá."

Ó ní, "Oo, ọmọ mi. Kú ìrìn. Kú ọ̀nà jíjìn. Kú wàhálà ẹ̀gún. Ṣé àlàáfíà ni?"

"Àlàáfíà ni, Ìyá."

"Ilé ńkọ́?"

"Ó wà."

"Ìyàwó ńkọ́?"

"Ó wà, ó ní kí n kí yín."

"Ọmọ ńkọ́?"

"Dáadáa ló wà, a dúpẹ́. Ìyá, ohun tó gbé mi wá..."

Ó gbé ojú sókè, inú rẹ̀ sì dùn gan-an ni. Ó ní, "Ọmọ wà dáadáa! Èmi náà bá ọ dúpẹ́." Bó ti sọ bẹ́ẹ̀ tán, gbogbo oyin tó ń fò káàkiri wọ inú irun rẹ̀ lọ, kíkùn dákẹ́, ihò tí wọ́n ń gbà wọlé sì pa dé. Ó na ọwọ́ sí ojú ọ̀nà, ó ní, "Máa lọ ní àlàáfíà. Ọmọ tó ń ṣàìsàn ni mo ń fún ní oyin. Tìrẹ wà dáadáa."

Ẹ má wò mí bẹ́ẹ̀. Ta ni nínú yín tí kò dáhùn bẹ́ẹ̀ rí? Bí orí bá ń fọ́ ọ, tí wọ́n kí ọ, o ó ní a dúpẹ́. Bí òjò bá ṣí òrùlé rẹ lọ, tí wọ́n bi ọ́ pé ilé ńkọ́, o ó ní ó wà. Bí mo ṣe wí fún Ìyá Olóyin náà nìyẹn. Mo ní, "Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, bí a ṣe máa ń dáhùn ni. N kò gbọ́ ìbéèrè yín dáadáa ni. Ọmọ mi ń kú lọ." Ó ní, "Mo bi ọ́ nípa ọmọ rẹ, o kò gbọ́?" Kò jágbe mọ́ mi. Bí ó bá tilẹ̀ jágbe mọ́ mi, ì bá sàn. Mo wá rántí Ìyá Abíọ́nà àti ọ̀rọ̀ tí mo fi sílẹ̀ lẹ́nu rẹ̀.

Ó ní, "Ẹ̀ẹ̀kan sí i ni n ó kí ọ. Jókòó."

Mo ní, "Ìyá, kò sí àyè ìjókòó, ọjọ́ ń lọ."

Ó ní, "Jókòó." Mo jókòó. Ó bu ẹ̀gúsí sí mi lọ́wọ́ pé kí n máa bá òun bó o. Èmi Ẹsẹ̀-ò-kanlẹ̀, pẹ̀lú ìbọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, mò ń bó ẹ̀gúsí lẹ́yọ lẹ́yọ nínú igbó àwọn iwin.

Ó ní, "Ọmọ ńkọ́?"

"Ara rẹ̀ kò yá, Ìyá. Ara rẹ̀ gbóná."

"Pẹ̀lẹ́ o. Ẹ̀gbẹ́ wo ló fi ń dùbúlẹ̀?"

Mo ní, "Ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún." Oyin kan jáde, ó ta mí létí. Irọ́ ni mo pa, n kò mọ̀ ọ́n.

"Kí ló jẹ gbẹ̀yìn kí oúnjẹ tó kọ̀ ọ́?"

"Ẹ̀kọ mímu." Òmíràn ta mí létè.

"Bí ara bá ń ro ó, ta ló máa ń pè?"

Mo ní, "Èmi bàbá rẹ̀ ni!" Oyin méjì ló jáde fún ìyẹn, orí imú ni wọ́n sì ti ta mí. Ẹ rẹ́rìn-ín, ó yẹ kí ẹ rẹ́rìn-ín. Àmọ́ ẹ wá gbọ́ ohun tí kò pa èmi lẹ́rìn-ín. Bí ẹ bá fi ìgbẹ́ àgbọ̀nrín hàn mí, mo lè sọ ohun tó jẹ àti ibi tó gbà lọ. Mo mọ ẹsẹ̀ tí ẹtu máa ń kọ́kọ́ gbé bó bá fura. Mo mọ ibi tí ọ̀yà máa ń sá sí bí oko bá ń jó. Ká ní ẹranko igbó ni Àwẹ̀ró ni, ǹ bá ti mọ̀ ọ́n tinú tẹ̀yìn. Ọmọ tó ń sùn sí yàrá kejì sí tèmi, n kò mọ ẹ̀gbẹ́ tó fi ń sùn. Ètè mi wú, imú mi wú, ṣùgbọ́n ìtìjú ló dùn mí jù. Mo fẹ́ fi gbérí bo orí mi, mo sì fẹ́ kí iwin náà kọjú síbòmíràn.

Mo ní, "Ìyá, kí ni kí n sọ nípa ohun tí n kò mọ̀?"

Ó ní, "Sọ pé o kò mọ̀."

Ló bá bẹ̀rẹ̀. Eyín ọmọdé rẹ̀ èwo ló ti yọ? N kò mọ̀. Orin wo ló máa ń kọ bó bá ń gbálẹ̀? N kò mọ̀. Kí ló máa ń bà á lẹ́rù? N kò mọ̀. Oyin kankan kò ta mí mọ́. Mo rò pé yóò rọ̀ mí lọ́rùn, kò rọ̀ mí lọ́rùn rárá. N kò sọ gbólóhùn tó wúwo tó bẹ́ẹ̀ rí láyé mi, n kò sì lè dẹ́kun rẹ̀, torí òtítọ́ ni. Nígbà tí ìbéèrè tán, ó ní, "Kí lo wá mọ̀?"

Mo bó ẹ̀gúsí. Oòrùn díẹ̀ tó ń yọ́ wọlé láàárín ewé ṣí kúrò ní ìtàkùn kan bọ́ sí òmíràn, mo ṣì ń bó ẹ̀gúsí. Nígbà tí ara mi balẹ̀ tán pátápátá, mo rí i. Mo rí àárọ̀ tí mò ń jáde nílé. Mo ní, "Ìyá, ó di etí gbérí mi mú. Ó ní, 'Bàbá, ẹ jókòó tì mí díẹ̀.' Mo ní àìsàn ló ń sọ̀rọ̀. Mo ń já ìka rẹ̀ kúrò lára aṣọ mi lọ́kọ̀ọ̀kan, bí ìgbà tí a bá ń já ẹ̀ẹ̀mọ́. Aró wà léèékánná rẹ̀. Ó ní láti jẹ́ pé ó ń bá ìyá rẹ̀ rẹ aṣọ kí àìsàn tó dá a dúbúlẹ̀. Ìyẹn nìkan ni mo mọ̀. N kò tilẹ̀ mọ̀ pé mo mọ̀ ọ́n." Ẹkún gbọ̀n mí bí ọmọdé. Oyin kan bà lé ọwọ́ mi, ó rìn lórí rẹ̀ díẹ̀, ó sì fò lọ.

Ìyá Olóyin tẹ orí ba, ihò inú irun rẹ̀ là, oyin sì ń ro tó-tó-tó sínú igbá pẹrẹsẹ kan títí ó fi kún dé ẹnu. Ó gbé e lé mi lọ́wọ́. Mo wá ọmọrí, kò sí. Mo fẹ́ já ewé bò ó, ó di ọwọ́ mi mú.

Mo ní, "Ìyá, bí mo bá rìn jẹ́jẹ́, ọmọ náà lè kú kí n tó dé."

Ó ní, "Ó lè kú."

"Bí mo bá sáré ńkọ́?"

"O ó tètè délé pẹ̀lú igbá òfìfo."

"Kí wá ni kí n ṣe?"

Ó ti padà sídìí ẹ̀gúsí rẹ̀. Ó ní, "Rìn."

Ẹ̀yin ará, mo ti bá ejò jà, ìkookò ti fa aṣọ ya mọ́ mi lára rí, kò sí èyí tó tó ìrìn yẹn. Ẹsẹ̀ mi ń bẹ̀ mí pé kí n jẹ́ kí àwọn sáré. Ẹ̀dá tí kò lójú yẹn tún wá bá mi, ó ń yí mi ká, ó ń pariwo pé, "Ọmọ ń kú, bàbá ń rìn bí ìyàwó tuntun! Sáré! Ṣé o kò fẹ́ràn rẹ̀ ni?" Ohùn tó fi ń sọ ọ́, ohùn tèmi gan-an ni. Mò ń sunkún, n kò lè nu ojú, torí ọwọ́ mi méjèèjì wà lábẹ́ igbá. Ibi tí mo ti ń rìn báyìí ni ẹfọ̀n kan jáde. Ẹfọ̀n! Kò jìnnà sí mi ju ibi tí Ọdẹ́lékè jókòó sí yìí lọ. Ó dá ẹ̀gbẹ́ kọ mí, ìwo rẹ̀ fẹ̀ ju apá mi lọ, ó ń jẹ koríko. Ẹ kígbe, ẹ kígbe, mo mọ̀ pé yóò dùn yín. Mo dúró pẹ̀lú igbá mi. Ẹfọ̀n náà wò mí, mo wò ó, ó jẹun títí ó fi tẹ́ ẹ lọ́rùn, ó sì lọ. Ẹ̀dá tí kò lójú náà kò lè dúró dè wá, n kò rí i mọ́. Nígbà tí mo jáde sí ọ̀nà oko, adẹ́mu kan kí mi láti orí ọ̀pẹ, ó ní ṣé àlàáfíà ni, ilé ńkọ́. Mo dúró, mo gbójú sókè, mo ní, "Ọmọ mi ń ṣàìsàn, ẹ̀rù sì ń bà mí." Ó sọ̀ kalẹ̀, ó ṣáájú mi, ó ń fi àdá gé ẹ̀ka kúrò lọ́nà títí a fi dé ẹ̀yìnkùlé mi.

Ìbídùn gbé orí ọmọ lé itan. Kò kí mi, inú igbá ló kọ́kọ́ wò. Ó ti ìka bọ oyin, ó tọ́ ọ sí Àwẹ̀ró lẹ́nu, ó tún tọ́ ọ sí i. Ara ọmọ náà bẹ̀rẹ̀ sí í rọlẹ̀. Ó sùn. Ẹ̀gbẹ́ òsì ló fi sùn, ó ká ẹsẹ̀ kò, ó fi ọwọ́ kan sábẹ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́. Mo jókòó tì í, mò ń wò ó. Mo bi Ìbídùn léèrè bóyá bó ṣe máa ń sùn nìyẹn. Ó wò mí títí, ó ní, "Bàbá Àwẹ̀ró, kí lẹ fẹ́ fi ṣe?"

Ọmọ mi yè o. Ẹ bá mi dúpẹ́, àmọ́ ẹ dákẹ́ ná. Ní àárọ̀ ọjọ́ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kọ́kọ́ ranlẹ̀, mo jókòó sí iwájú ilé, mo ń retí rẹ̀, inú mi dùn bí ẹni tó fẹ́ gbàlejò. Ó jáde pẹ̀lú omi nínú ife tí a fi ń fún àlejò lómi. Ó kúnlẹ̀, ó gbé e fún mi, mo mu ún. Mo ní kó wá jókòó. Kò jókòó, ó ń wo oòrùn. Ó wọlé lọ, mo gbọ́ tó ń wọ́ nǹkan nílẹ̀ bọ̀. Àpò ọdẹ mi ni, àpò tó fẹ́rẹ̀ẹ́ ga tó o. Ó fi ọwọ́ gbọn eruku ara rẹ̀ nù, ó gbé e sí ẹsẹ̀ mi, ó ní, "Bàbá, oòrùn ti ń ga o. Kí ẹ má baà pẹ́." Kò bínú. Ó rò pé òun ń ràn mí lọ́wọ́ ni. Ká ní ó bínú, ǹ bá bẹ̀ ẹ́. Báwo ni ènìyàn ṣe ń bẹ ẹni tí kò bínú sí i? Mo gbé àpò náà wọlé padà, n kò lè wo ojú ìyá rẹ̀.

Ní ọjọ́ kejì, ó tún wọ́ ọ jáde. Ní ọjọ́ tó tẹ̀ lé e, ó tún wọ́ ọ jáde. Mo ní n kò lọ, kò gbà á gbọ́, ó kàn ń dúró tí àpò náà, tí ó ń retí kí n dìde. Bẹ́ẹ̀ la ṣe ń ṣe é láràárọ̀ láti ìgbà náà, ìtìjú náà kò sì mọ́ mi lára. Láàárọ̀ yìí, kí n tó wá bá yín, ó wọ́ ọ dé ẹnu ọ̀nà, ó ní, "Bàbá, ṣé ẹ ò ní lọ sígbó lónìí náà?" Mo ní n kò níí lọ. Ó dúró títí, ó wo oòrùn, ó wo èmi. Ló bá jókòó lórí àpò náà.

Ibi tí mo bá a dé nìyẹn. Ẹ má pàtẹ́wọ́ fún mi, ẹ gbé ìbọn yín, kí ẹ rọra máa lọ sílé.